Ìlẹ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé: Àyẹ̀wò WhatsApp fún Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Púpọ̀ Máa Ń Sú

Títí di oṣù kẹjọ ọdún 2022, kò sí bí èèyàn ṣe lè jáde kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp kí gbogbo ilé má gbọ́. Bí ẹ bá ti tẹ Exit group báyìí, ìlà kékeré kan á jáde sáàárín ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, á ní lágbájá ti kúrò. Ìbéèrè á wá bẹ̀rẹ̀: "Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?" "Ṣé kò sí nǹkan?" Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan á ti fà yín padà wọlé. Ẹni tó kàn fẹ́ sinmi wá di ẹni tó ń bínú.

Láti ìgbà àtúnṣe ọdún náà, ádímìn nìkan ni WhatsApp ń fi tó létí. Àtúnṣe yìí dára gan-an fún irú àwọn èèyàn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn níbí: àwọn tí kò yodì, tí kò gbéra ga, àmọ́ tí ìpéjọpọ̀ máa ń tètè tán lókun, tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá wà díẹ̀ kí ara wọn tó padà sípò. Síbẹ̀, WhatsApp fún wọn ní ọ̀nà láti jáde, kò fún wọn ní ọ̀nà láti dágbére. Láàárín Yorùbá, ìdágbére lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a fi ṣe òdiwọ̀n nínú àyẹ̀wò yìí nìyẹn: bí a bá lo irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti kúrò nídìí ọ̀rọ̀, ṣé àwọn tó kù á ṣì máa bá wa yọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Exit group fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí gúrúùpù náà, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, ẹ wá fà á lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó rí Exit group ní àwọ̀ pupa. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ bi yín bóyá ó dá yín lójú, á sì sọ pé àwọn ádímìn nìkan ló máa mọ̀. Ẹ tẹ Exit lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Gúrúùpù náà á ṣì wà lójú fóònù, ọ̀rọ̀ àtijọ́ á ṣì ṣeé kà, ẹ ò kàn ní lè kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ ni. Delete group ló máa gbé e kúrò pátápátá.

Àmọ́ ìjáde ìdákẹ́jẹ́ yìí ní ihò méjì. Ihò kìíní ni pé WhatsApp ń tọ́jú orúkọ gbogbo ẹni tó bá jáde fún 60 ọjọ́. Ẹnikẹ́ni tó wà nínú gúrúùpù ló lè lọ sí ìsàlẹ̀ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, kó tẹ ibi tí wọ́n ti ń wo àwọn tó ti kúrò, kó sì rí orúkọ yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í débẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹbí, ẹnìkan wà tó máa ń débẹ̀.

Ihò kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ádímìn nìkan" dùn létí bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Nínú gúrúùpù ẹbí, àwọn ádímìn lè tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, torí pé wọn kì í fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kan rò pé wọ́n fojú kéré òun. Bàbá àgbà wà lára wọn, àǹtí tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ̀ náà wà lára wọn. Bí ẹ bá yọ́ jáde lálẹ́, kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀, wọ́n ti gbọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n ti gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ admin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ju méjì lọ, ẹ má ka ìjáde náà sí ìkọ̀kọ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ádímìn, ẹ má jáde bẹ́ẹ̀. WhatsApp á fi ẹnikẹ́ni rọ́pò yín láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó lè jẹ́ ọmọ kékeré tó wà níbẹ̀ nítorí fóònù ìyá rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó gbọ́n, ẹ yan Make group admin, ẹ sọ fún un, lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa lọ.

Irú gúrúùpù wo ló yẹ fún Exit? Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Gúrúùpù aṣọ ẹbí ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó kan, wọ́n fi àwòrán léèsì àti gèlè síbẹ̀, wọ́n gba owó, wọ́n jó, ó tán. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnìkan ṣì ń fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹlòmíì sì ń polówó bàtà. Gúrúùpù àdúgbò tí ẹ ti kó kúrò náà wà níbẹ̀, àti gúrúùpù ọjà tí ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa wá yín níbẹ̀.

Àkókò tí ẹ bá jáde ló ń sọ ìtumọ̀ ìjáde náà. Ẹ má jáde láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kéde owó dídá. Bó ti wù kí ìdí yín mọ́ tó, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ẹ sá fún owó òkú. Ẹ san owó náà, ẹ jẹ́ kí ìnáwó kọjá, kí wọ́n dúpẹ́ tán, kí ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ má jáde lọ́jọ́ tí èèyàn méjì jà níbẹ̀, torí pé àwọn méjèèjì ló máa rò pé àwọn ni ẹ bínú sí. Ẹ má sì jáde lóru, ìjáde òru máa ń dà bí ìbínú.

Ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ kọ̀wé sí ádímìn àgbà ní ìdákọ́ńkọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí tó:

"Ẹ kú iṣẹ́ ńlá o, mà. Ọlọ́run á fi kún agbára yín. Mo fẹ́ dín gúrúùpù orí fóònù mi kù, torí náà màá jáde níbí lọ́la. Kò sí ìbínú kankan o. Bí ọ̀rọ̀ tó kàn mí bá wáyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ìkíni ló ṣáájú, nítorí ádímìn gúrúùpù ń ṣe làálàá tí ẹnikẹ́ni kì í san owó rẹ̀. Ìdí wá tẹ̀ lé e, kúkúrú, ó sì jẹ́ òótọ́. Ẹ má yọ "kò sí ìbínú kankan" kúrò. Òun ló ń pa ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa wá sọ́kàn wọn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ṣí ojú ọ̀nà mìíràn sílẹ̀: fóònù. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀nà ìpè ṣì wà kò ní sọ pé ẹ ti já okùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn kọ ìdí mẹ́ta mẹ́rin, kó ṣàlàyé títí. Bí àlàyé bá ti gùn, àríyànjiyàn ló ń bí: ádímìn á máa dá ìdí kọ̀ọ̀kan lóhùn, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀ á wá di méjì.

Fún gúrúùpù ẹbí, ti ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé àtijọ́, àti ti ìjọ tàbí àsàlátù, a ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti tẹ Exit rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó kú. Irinṣẹ́ tó tọ́ fún wọn ni Archive, tó ń gbé gúrúùpù kúrò lójú, àti Mute, tó ń pa ariwo rẹ̀, ká sì sọ òótọ́, àwọn méjèèjì ló mú kí WhatsApp ṣeé gbé fún ẹni jẹ́jẹ́. Bí a bá ń fún irinṣẹ́ ní máàkì, Exit gba mẹ́ta nínú márùn-ún, Archive pẹ̀lú Mute gba márùn-ún gééré.

Lórí Android, ẹ tẹ gúrúùpù náà mọ́lẹ̀, ẹ wá tẹ àpótí kékeré tó ní ọfà tó dojú kọ ilẹ̀ lókè. Lórí iPhone, ẹ fà á sí apá òsì, ẹ tẹ Archive. Ó ti kúrò lójú nìyẹn, ó wọ inú yàrá ẹ̀yìn. Ẹ wá lọ sí Settings, sí Chats, kí ẹ rí i pé Keep chats archived wà ní títàn. Bí kò bá sí ní títàn, gúrúùpù náà á tún fò jáde nígbà tí ẹnìkan bá kọ nǹkan, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé Archive kò ṣiṣẹ́ fún àwọn. Ẹ tún ṣe Mute pẹ̀lú rẹ̀: wákàtí 8, ọ̀sẹ̀ 1, tàbí Always. Always ni kí ẹ yàn. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, ádímìn pàápàá kò ní mọ̀, kò sì sí orúkọ yín níbi kankan.

Bí wọ́n bá fi àmì @ pe orúkọ yín, tàbí tí wọ́n fèsì sí ọ̀rọ̀ yín gan-an, WhatsApp á ṣì ta yín lólobó. Èyí dára. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó nílò yín lóòótọ́ lè kàn yín lára, ariwo tó kù á wà níta. Ẹ sọ fún àbúrò kan tàbí ìbátan kan tó máa ń wà níbẹ̀ ṣáá pé kó máa fi @ pè yín bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ẹbí rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa yọjú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó. Kò pọn dandan kí ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ 400 tó wà níbẹ̀. Ẹ tẹ Search nínú gúrúùpù náà, ẹ tẹ orúkọ yín, lẹ́yìn náà "ìpàdé", lẹ́yìn náà "account", torí pé níbi tí wọ́n bá ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí, owó kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹ dá. Ẹ ṣọ́ra, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì ohùn kọ Yorùbá lórí fóònù, torí náà ẹ wá a gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: "ipade". Ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni ẹ kò gbọ́dọ̀ pàdánù. Ẹni tó kí ẹbí níbi mẹ́ta yìí, tó sì fi nǹkan ránṣẹ́, kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló dé tí kì í sọ̀rọ̀.

Archive kò dá àwòrán àti fídíò dúró o. Wọ́n ṣì ń wọlé, wọ́n ṣì ń jẹ dátà. Ẹ lọ sí Settings, Storage and data, Media auto-download, ẹ yọ àmì kúrò nínú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ mobile data. Voice note nìkan ni èyí kò ràn. Òun máa ń wọlé fúnra rẹ̀ ni.

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ kí wọ́n máa fà yín wọ gúrúùpù tuntun, Settings, Privacy, Groups ni. Ẹ yan My contacts, tàbí My contacts except kí ẹ sì yọ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn dídá gúrúùpù sílẹ̀. Ẹni tí ẹ yọ á ní láti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí yín, ìpè náà á sì kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 3. Ìlẹ̀kùn tí èèyàn kò wọlé sí kò nílò ìdágbére.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni méjì, ibi tí bọ́tìnnì kankan kò sí. Àìtó tó tóbi jù nínú WhatsApp fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ń sú nìyí. Lójúkojú, ara ló ń bá wa dágbére: a ó dìde, a ó gbọn aṣọ, a ó ní "ẹ kú ìjókòó", ẹsẹ̀ á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Orí fóònù kò ní ẹsẹ̀.

Wọ́n tún ń gbé àṣà ojúkojú kan wọ ibẹ̀ tí kò bá a mu: "mo ń bọ̀". Nígbà tí a bá wà níwájú ara wa, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ẹni tó sọ "mo ń bọ̀" ń lọ ni. "Mo ń lọ" gan-an máa ń gbóná létí, torí náà a fi ìpadàbọ̀ bo ìlọ lójú. Lórí WhatsApp, ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò rí yín bí ẹ ṣe ń lọ. "Mo ń bọ̀" ló rí, ó sì ń dúró. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà á kọ "ṣé o ti dé?", ẹ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ má lò ó níbẹ̀ àfi bí ẹ bá ń bọ̀ lóòótọ́.

Ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ máa fà gùn ni ìbéèrè. "Ilé ńkọ́?" "Àwọn ọmọ ńkọ́?" "Iṣẹ́ ńkọ́?" Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè ìdáhùn, ìdáhùn á sì bí ìbéèrè mìíràn. Nítorí náà, gbogbo ìkíni oníbèéèrè, iwájú ni kí ẹ kó o sí. Bí ẹ bá fẹ́ parí, kó má sí ìbéèrè kankan mọ́. Ẹ fi ẹnu kò lórí ohun tí ẹ sọ, ẹ kí ará ilé, ẹ kádìí rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ láàárín ẹnìkan àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀:

"Ó dáa mà, Sátidé náà ni. Màá ti débẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù."

"Ó dáa, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé o, mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ dá iná oúnjẹ alẹ́. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

"Wọ́n á gbọ́. Ó dàárọ̀ o."

"Ó dàárọ̀, mà."

"Ẹ bá mi kí wọn" ni kókó rẹ̀, nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, "wọ́n á gbọ́", ìdáhùn yẹn sì ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà, òun gan-an ló fẹ́ sinmi. Ẹ ṣe "Àmín, ẹ ṣeun mà", kí ẹ dákẹ́. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí èèyàn ṣe àmín tán kó tún fi "Bàbá ńkọ́?" kún un nítorí ìtìjú. Ọ̀rọ̀ ti tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dágbére, ẹ kúrò lórí WhatsApp lóòótọ́. Ẹni tó ní òun fẹ́ sùn tí online ṣì ń hàn lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ti ṣẹ àgbà. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ purọ́ pé bátìrì fẹ́ kú. Ìdí kékeré tó jẹ́ òótọ́ ló ń gbé èèyàn jáde: oúnjẹ, ìrun, iṣẹ́ àárọ̀ ọ̀la, oorun.

Ẹ lè fi online àti last seen pamọ́ nínú Privacy. Ẹ lè yọ àwọn kan ṣoṣo pẹ̀lú My contacts except. A fọwọ́ sí èyí. Read receipts, àmì búlúù tó ń fi hàn pé ẹ ti ka ọ̀rọ̀, ni ká rò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá pa á, àmì búlúù kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà kò sì ní rí tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní mọ ẹni tó wo status yín. Kò ṣeé pa fún ẹnì kan kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Kò ràn gúrúùpù, kò sì ràn voice note: bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹni tó fi í ránṣẹ́ á mọ̀. Ìyá tó ń wo àmì eérú láti àárọ̀ á rò pé nǹkan ti ṣe ọmọ òun. Bí àwọn òbí yín bá ń lo WhatsApp, ẹ jẹ́ kó wà ní títàn.

Voice note ìṣẹ́jú mẹ́jọ láti ọ̀dọ̀ àgbà: ẹ tẹ 1×, ó di 1.5×, ẹ tún un tẹ̀, ó di 2×. Ní 2× àwọn ohùn Yorùbá máa ń dàpọ̀, òwe máa ń sọnù, 1.5× ni kí ẹ dúró sí. Ẹ fi ohùn dá a lóhùn, bí ogún ìṣẹ́jú àáyá péré. Ẹ má fi àmì ọwọ́ àdúrà nìkan lé ọ̀rọ̀ àgbà kí ẹ sì lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn mi orí sí ẹni tó bí i. Láàárín ẹgbẹ́ yín, àmì yẹn ni ìdágbére tó rọrùn jù, torí pé kò béèrè èsì.

Fún ìpè fóònù lásán, ìrànwọ́ wà nínú fóònù gan-an: ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń pè yín dípò kí ẹ gbé ìpè náà. Nínú ápù Phone ti Google, Settings, ẹ ó rí Quick responses, ìlà mẹ́rin tó ṣeé yí padà. Lórí iPhone, Respond with Text ló ń jẹ́, mẹ́ta ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tútù ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọwọ́ mi dí, màá pè yín lálẹ́", ẹ kọ ọ̀kan fún ẹgbẹ́, ọ̀kan fún àgbà. SMS ni, owó díẹ̀ ń lọ. Kí ẹ sì pè lálẹ́ náà.

Ohun kan ṣì wà tí a fẹ́ kí WhatsApp fi kún un: àpótí kékeré lójú Exit, tí èèyàn lè kọ ìlà kan sí, kí àwọn ádímìn rí i pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ kọ ìlà náà fúnra yín, kí ẹ sì kọ ọ́ ṣáájú, nítorí bí ẹ bá ti tẹ Exit tán, gúrúùpù náà kò ní gba "ó dàbọ̀" lọ́wọ́ yín mọ́.